Bí owó oṣù tíṣà bá há, ilé-ìwé á dákẹ́: Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ olùkọ́ ń ṣe nídìí ẹ̀kọ́ ìjọba

Láàárín oṣù kẹta sí oṣù keje ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba nílùú Àbújá jókòó sílé fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́ta. Àwọn tíṣà wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó fà á ni pé àwọn kánsù mẹ́fà tó wà nílùú náà kò tíì san owó oṣù tuntun fún wọn, ìyẹn èyí tó tẹ̀lé òfin N70,000 tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní oṣù keje ọdún 2024. Owó oṣù àwọn tíṣà girama nílùú kan náà kì í wá láti ọ̀dọ̀ kánsù ní tiwọn, ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ Àbújá ló ti ń wá. Iṣẹ́ kan náà ni, ìlú kan náà ni, ẹgbẹ́ kan náà ni. Àpò tí owó ti ń jáde ló yàtọ̀.

Ọ̀pọ̀ òbí ló mọ ẹgbẹ́ olùkọ́, ìyẹn NUT, sí ẹgbẹ́ tó máa ń ti ilé-ìwé pa. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ẹgbẹ́ náà lórí rédíò, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé, “Ṣé wọ́n tún fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ni?” Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ìtàn ẹgbẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé ìyanṣẹ́lódì kọ́ ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Olórí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ ibi tí owó oṣù tíṣà ti ń jáde, kí ẹnikẹ́ni má baà dí ojú ìsun náà. Ìgbà tí wọ́n bá gbé owó náà láti àpò kan bọ́ sí òmíràn láìsí ètò tó gúnmọ́, àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń jìyà rẹ̀.

Ta ló ń sanwó fún ta?

Ọ̀nà méjì ni àwọn tíṣà ilé-ìwé ìjọba pín sí. Àwọn tó ń kọ́ni ní girama wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Àjọ tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ń pè ní TESCOM ló ń gbà wọ́n síṣẹ́, inú àpò ìpínlẹ̀ sì ni owó oṣù wọn ti ń wá. Tiwọn kò lọ́jú pọ̀.

Ti àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló lọ́jú pọ̀. SUBEB, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ló ń gbà wọ́n síṣẹ́, òun ló ń gbé wọn láti ilé-ìwé kan lọ sí òmíràn, òun náà ló sì ń bá wọn wí. Ṣùgbọ́n owó ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n fi ń san owó oṣù wọn. Òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999 sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ yóò kópa nínú ìpèsè àti ìtọ́jú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sọ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ dá gbogbo ẹrù náà rù. Ibi tí ọ̀rọ̀ “kópa” yìí parí sí ni àríyànjiyàn wà.

Bí ètò ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Nígbà tí wọ́n bá pín owó l'Ábùjá lóṣooṣù, ìpín àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa ń wọ àkáǹtì àjọni tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ní. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní JAAC ló ń jókòó lé owó náà lórí. Kí owó tó kan alága kánsù lọ́wọ́, wọ́n á ti yọ owó oṣù tíṣà, owó ìfẹ̀yìntì àti àwọn owó mìíràn kúrò níbẹ̀. Inú àwọn alága kánsù kì í dùn sí ètò yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àwọn kánsù kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti yọ owó tíṣà tán, kò sí kọ́bọ̀ tó ṣẹ́kù fún wọn láti fi ṣe títì tàbí láti fi gbá ọjà. Òun làwọn èèyàn ń pè ní “zero allocation” nígbà náà.

Owó ìjọba àpapọ̀ náà wà nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún owó oṣù. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 2004 ya ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ nínú àpò ìjọba àpapọ̀, àjọ UBEC ló sì ń pín in fún àwọn ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú owó tirẹ̀ náà wá. Kíláàsì, àga, ìwé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tíṣà ni wọ́n ń ná an sí. Ìpínlẹ̀ kan lè tipa bẹ́ẹ̀ kọ́ kíláàsì mẹ́fà láàárín ọdún kan, kó má sì rí owó san fún tíṣà mẹ́fà tó máa dúró níwájú àwọn ọmọ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ owó ló bí ẹgbẹ́ náà

Ní àwọn ọdún 1920, ọwọ́ àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-ìwé ilẹ̀ Yorùbá wà. Iṣẹ́ kan náà ni tíṣà ìjọba àti tíṣà ìjọ ń ṣe, ṣùgbọ́n owó wọn kò dọ́gba. Àwọn tíṣà Èkó kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1925. Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ní Ìjẹ̀bú dá tiwọn sílẹ̀ ní 1926. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929, tí owó sì há lọ́wọ́ ìjọba òyìnbó àti àwọn ìjọ, ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan kò lè dá jà mọ́. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù keje ọdún 1931, wọ́n pàdé ní CMS Grammar School l'Ékòó, wọ́n sì dá NUT sílẹ̀. Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, tó jẹ́ ọ̀gá Ijebu-Ode Grammar School kó tó di ọ̀gá Abeokuta Grammar School, ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. E. E. Esua ló wá di akọ̀wé àgbà àkọ́kọ́ tó fi iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ṣe iṣẹ́ òòjọ́.

Láyé ìgbà náà, wọ́n máa ń sọ pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Ohun tí ẹgbẹ́ yìí sọ ni pé ilé ayé ni tíṣà ti ń jẹun, ilé ayé ló ti ń sanwó ilé, níbí náà ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ sanwó fún un.

Ọ̀rọ̀ náà wá tóbi sí i nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955 lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Lọ́dún kan ṣoṣo, iye ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gòkè láti ohun tí kò tó 500,000 sí ohun tó lé ní 800,000. Ibi tí ọmọ bá ti pọ̀ báyẹn, tíṣà gbọ́dọ̀ pọ̀. Láti ìgbà náà ni owó oṣù tíṣà ti di ọ̀kan nínú àwọn ẹrù tó wúwo jù lọ́rùn ìjọba, tí kò sì sí gómìnà tó lè ṣe bí ẹni pé òun kò rí ẹgbẹ́ wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 1991 sí 1993

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí NUT fi máa ń fi ara ya bí wọ́n bá ti ní àwọn fẹ́ gbé owó tíṣà fún kánsù, àwọn ọdún yìí ni kó lọ wò. Ní 1988, ìjọba ológun dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní 1991, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida tú àjọ náà ká, ó sì gbé ẹrù náà lé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lórí.

Kò pẹ́ tí owó oṣù fi bẹ̀rẹ̀ sí í di gbèsè ní ọ̀pọ̀ ibi. Alága tó ní tíṣà púpọ̀ tí owó rẹ̀ sì kéré kò mọ èwo ni kó ṣe. Alága mìíràn rówó, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló fi ṣe. Àwọn tíṣà daṣẹ́ sílẹ̀, ilé-ìwé sì wà ní títì. Nígbà tó di 1993, ìjọba gbé òfin nọ́ńbà 96 jáde, ó dá àjọ náà padà, yíyọ owó tíṣà láti orísun kí owó tó dé kánsù sì tún di ohun tí wọ́n ń ṣe.

Kì í ṣe àfikún owó ni àǹfààní tó tóbi jù tí ẹgbẹ́ rí gbà lọ́dún náà. Ohun tí wọ́n rí gbà ni ètò tó mú kí owó tó wà nílẹ̀ máa dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Fún ilé-ìwé, èyí ṣe pàtàkì ju àfikún lọ, nítorí tíṣà tó mọ̀ pé owó òun á wọlé níparí oṣù kò ní fi kíláàsì sílẹ̀ lọ ṣọ́ọ̀bù.

Owó tó gbé ẹgbẹ́ ró

Ẹgbẹ́ tí kò lówó lọ́wọ́ kò lè bá ìjọba jókòó sọ̀rọ̀ pẹ́. Inú owó oṣù àwọn tíṣà fúnra wọn ni NUT ti ń rówó. Òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà sọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa yọ owó ẹgbẹ́ nínú owó oṣù ọmọ ẹgbẹ́, kó sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ náà. Iye tí wọ́n ń yọ ń tẹ̀lé owó oṣù oníkálukú. Ká kàn fi ṣe àpẹẹrẹ: bí kánsù kan bá ní tíṣà 1,000, tí wọ́n yọ N1,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, N1 mílíọ̀nù nìyẹn lóṣù, ó sì di N12 mílíọ̀nù lọ́dún. Irú owó yìí ni wọ́n fi ń san agbẹjọ́rò, tí wọ́n fi ń kọ́ ilé ẹgbẹ́, tí wọ́n sì fi ń rìnrìn-àjò ìpàdé.

Nǹkan méjì ló yẹ kí tíṣà mọ̀ nípa owó yìí. Àkọ́kọ́, ìjọba tí ẹgbẹ́ ń bá jà náà ló ń yọ owó tí ẹgbẹ́ fi ń jà. Bí owó oṣù kò bá wọlé, owó ẹgbẹ́ náà kò ní wọlé. Ìkejì, láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe ní 2005, kò sí ẹni tí wọ́n lè fipá mú ṣe ẹgbẹ́. Tíṣà tí kò bá fẹ́ lè kọ̀wé pé kí wọ́n má yọ owó òun mọ́. Lábẹ́ irú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tíṣà girama kan ṣe ya kúrò, tí wọ́n dá ASUSS sílẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló gba NUT lọ́kàn. Ìjà lórí ẹni tí owó ẹgbẹ́ tọ́ sí láàárín àwọn méjèèjì dé ilé ẹjọ́.

Ẹ má ṣe da owó ẹgbẹ́ pọ̀ mọ́ owó alájẹṣẹ́kù. Owó ẹgbẹ́ ti lọ nìyẹn, kò ní padà. Owó alájẹṣẹ́kù jẹ́ ti tíṣà tó ń dá a, ibẹ̀ ló sì ti ń yá owó tó fi ń ra ilẹ̀, tó fi ń kọ́lé, tó fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú owó oṣù náà ni ìjọba ti ń yọ ọ́. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, owó alájẹṣẹ́kù tí ìjọba yọ tí kò fi ránṣẹ́ di gbèsè ọdún púpọ̀, ó sì wà lára ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ láàárín ìjọba àti àwọn òṣìṣẹ́. Lórí ìwé owó oṣù, ó hàn pé tíṣà ti dá owó rẹ̀. Bó bá dé ọ̀dọ̀ akápò, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Irú ìjà báyìí ni tíṣà kan kò lè dá jà. Ẹgbẹ́ nìkan ló lè mú ìwé ìṣirò gbogbo wọn lọ síwájú ìjọba.

Èrè ìyanṣẹ́lódì àti ohun tó ń ná wọn

Ní oṣù keje ọdún 2008, NUT ti ilé-ìwé pa káàkiri orílẹ̀-èdè. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí tíṣà ní ìlànà owó oṣù tiwọn, èyí tí wọ́n pè ní TSS, kí wọ́n má máa tẹ̀lé ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yòókù. Àfikún ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló jáde níbẹ̀. Fún tíṣà tí owó rẹ̀ jẹ́ N40,000, àfikún N11,000 nìyẹn. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sanwó fún àwọn tíṣà rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ l'Ábùjá kò tíì di owó. Ẹ̀ka NUT ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún ní láti lọ bá gómìnà tirẹ̀ jókòó. Àwọn kan tètè rí i gbà, àwọn kan gba díẹ̀, àwọn kan tún ní láti daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Kì í ṣe ìjà nìkan ló ń mú nǹkan wá. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí tíṣà lè ṣiṣẹ́ di ẹni ọdún 65, tàbí kó lo 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, dípò 60 àti 35 tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ ti ń bèèrè fún un tipẹ́, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì tún ní láti gbà á wọlé kó tó ṣiṣẹ́ fún àwọn tíṣà rẹ̀.

Ìyanṣẹ́lódì kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Òfin fún agbanisíṣẹ́ láyè láti má sanwó fún àkókò tí òṣìṣẹ́ kò fi ṣiṣẹ́. Òfin ọdún 2005 tún sọ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ dìbò kí wọ́n tó daṣẹ́ sílẹ̀. Èyí tó lè jù ni pé àwọn òbí máa ń wá ibòmíràn lọ. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ka àwọn ilé-ìwé aládàáni ní 2010 sí 2011, wọ́n rí ohun tó lé ní 12,000. Kì í ṣe ìyanṣẹ́lódì nìkan ló lé àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, nítorí jíjìnnà ilé-ìwé ìjọba àti èrò tó pọ̀ nínú kíláàsì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíláàsì ìjọba tó bá ṣófo ń dín ìdí tí ìjọba fi máa gba tíṣà tuntun kù, àwọn tíṣà ilé-ìwé aládàáni kì í sì í sábà sí nínú NUT. Ẹgbẹ́ tó bá ń ti ilé-ìwé pa lemọ́lemọ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ gé ẹ̀ka igi tí òun fúnra rẹ̀ jókòó lé.

Ibi tí wọ́n ti ń bá ẹgbẹ́ wí

Ọ̀rọ̀ ìdánwò fún tíṣà ni ìjọba àti ẹgbẹ́ kì í fẹnu kò sí. Ní 2012, nígbà tí ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí l'Ékìtì fẹ́ ṣe ìdánwò láti mọ ohun tí àwọn tíṣà mọ̀ àti èyí tí wọn kò mọ̀, ẹgbẹ́ kọ̀, àwọn tíṣà kò sì jókòó sí i. Nígbà tí gómìnà náà pàdánù ìbò ní 2014, ọ̀pọ̀ ló ka ìbínú àwọn tíṣà mọ́ ohun tó fà á.

Ti Kàdúná ló le jù. Ní 2017, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fún tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bí 33,000 ní ìdánwò tí wọ́n gbé ka ohun tí ọmọ kíláàsì kẹrin yẹ kó mọ̀. Ìjọba ní 21,780 nínú wọn kò gba máàkì 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. NUT lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2018. Ohun tí ẹgbẹ́ sọ ni pé ìjọba tí kò dá tíṣà lẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ fi ìdánwò lé e kúrò, àti pé àjọ TRCN tí òfin dá sílẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ wà nínú ohun tí ẹgbẹ́ sọ, nítorí òwò òṣèlú ni wọ́n fi gba ọ̀pọ̀ tíṣà wọlé níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n òbí tí ọmọ rẹ̀ kò lè kàwé lẹ́yìn ọdún mẹ́fà náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ẹgbẹ́ tó bá ní kí wọ́n ka tíṣà sí ẹni tó mọṣẹ́, kí owó rẹ̀ sì yàtọ̀, kò lè máa sá fún gbogbo ọ̀nà tí wọ́n fi lè mọ ẹni tó mọṣẹ́ lóòótọ́.

Ìdájọ́ 2024 àti ohun tó kù

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, kí àwọn gómìnà yọwọ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló yọ̀, nítorí àkáǹtì àjọni ti sọ kánsù púpọ̀ di ìkarahun lásán. Ẹ̀rù àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí NUT ti ń sọ pé òun kò lòdì sí òmìnira kánsù, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó oṣù tíṣà kúrò lọ́wọ́ kánsù. Ohun tí wọ́n rí láàárín 1991 sí 1993 ló jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ l'Ábùjá ní 2025 kò mú ẹ̀rù náà kúrò.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ báyìí rọrùn láti bi, ìdáhùn rẹ̀ ló lé: bí owó bá lọ tààrà sí kánsù, ta ni yóò yọ ti tíṣà, ọjọ́ wo ni yóò yọ ọ́, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí alága tí kò bá yọ ọ́? Kánsù tó wà láàárín ìlú ńlá lè rówó san láìsí wàhálà. Kánsù ìgbèríko tó ní ilé-ìwé púpọ̀ tí owó tó ń wọlé fún un sì kéré lè máà rí i san.

Tíṣà tó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí gbọ́dọ̀ máa ka ìwé owó oṣù rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó mọ iye tí wọ́n yọ fún ẹgbẹ́, fún alájẹṣẹ́kù àti fún ìfẹ̀yìntì, kó sì bèèrè bóyá wọ́n ti fi í ránṣẹ́. Nínú ìpàdé ẹ̀ka, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìṣirò lọ́wọ́ àwọn tó ń ná owó ẹgbẹ́. Òbí náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí àwọn olóṣèlú bá wá tọrọ ìbò alága kánsù ládùúgbò, kó bi wọ́n ní iye tíṣà tó wà ní kánsù náà àti ibi tí owó oṣù wọn yóò ti máa wá. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè méjì yìí, ìyanṣẹ́lódì ló ń gbé bọ̀ wá fún àwọn ọmọ àdúgbò náà.